Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kan ọkọ̀ eré-ìje ní Kàbà ń wá onígbọ̀wọ́: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ṣasí Kàbà
Ẹ Òkun o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ wa gbogbo. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mí. Àwa mélòó kan la kó ara wa jọ láti kan ọkọ̀ eré-ìje kékeré, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń gbé lọ sí ìdíje Formula Student. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń jókòó nínú rẹ̀, kò ní òrùlé, táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níta gbangba. A ti ya àwòrán rẹ̀ tán lórí kọ̀ǹpútà, wẹ́dà kan sì ti gbà ká máa lo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù òun lọ́jọ́ Sátidé.

Owó ni kò sí. A kọ lẹ́tà sí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, kò sẹ́ni tó fèsì. Àwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ ní inú àwọn dùn sí i, àmọ́ kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ẹnu wa ò kò mọ́ báyìí: àwọn kan ní ká tọ olóṣèlú lọ, àwọn kan ní ká má dán an wò. Ta ló yẹ ká kọ́kọ́ bá? Kí la ó sọ fún un? Ṣé a lè fi páìpù omi àti ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ ná, kí àwọn èèyàn lè rí nǹkan?

Ọmọ Ìyàrà
Ẹ tọ aṣòfin lọ jàre. Àwọn ló ní owó iṣẹ́ ìdàgbàsókè ẹkùn lọ́wọ́. Wọ́n ń fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta fún àwọn èèyàn, kí ló dé tí wọn ò ní fi ra ẹ́ńjìnnì fún ọmọ yunifásítì? Ẹ gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ ọba ìlú kọjá. Bí Kábíyèsí bá fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́, ẹnì kankan ò ní dá a padà.

Yàgbà l'Ábújà
Àbúrò, mo gbọ́ ohun tí Ọmọ Ìyàrà sọ, mi ò sì sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n kò yẹ kó jẹ́ ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ yà. Owó olóṣèlú kì í dá wá. Ẹ ó gbé ọkọ̀ jáde tán, àwòrán ojú rẹ̀ á ti bo imú ọkọ̀ látòkè délẹ̀, onílé-iṣẹ́ tó bá sì rí i á ní òun ò fẹ́ kí orúkọ òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣèlú. Bí ẹ bá máa gbà á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí owó tó wọlé: orúkọ nìkan, kò sí fọ́tò, ìwọ̀n rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà yín, nítorí kíka lẹ́tà àwọn tó ń wá ìrànlọ́wọ́ wà lára iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lólùrànlọ́wọ́", tó wá parí sí owó gọbọi kan lápapọ̀, mi ò lè gbé e wọlé tọ ọ̀gá mi lọ. Ohun àkọ́kọ́ tó máa bi mí ni pé kí lowó náà fẹ́ rà. Bí mi ò bá rí i tọ́ka sí nínú ìwé yín, ó parí nìyẹn.

Èyí tí mo máa ń gbé wọlé kì í ju ojú ìwé méjì lọ. Ojú ìwé kìíní: fọ́tò ohun tí ẹ ti fi ọwọ́ ṣe, kì í ṣe àwòrán kọ̀ǹpútà nìkan, ìdíje wo ni, oṣù wo ni, ta ni olùkọ́ tó ń bójú tó yín, ìfọwọ́sí díìnì. Ojú ìwé kejì: àtẹ ohun tí ẹ nílò, ẹyọ ẹyọ, pẹ̀lú iye owó rẹ̀ lọ́jà lónìí. Táyà mẹ́rin, iye báyìí. Ọ̀pọ́n bíréèkì, iye báyìí. Aṣọ tí iná ò lè tètè ràn fún awakọ̀, iye báyìí. Ní iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ibi tí orúkọ ẹni tó bá rà á máa wà lára ọkọ̀. Ọ̀gá mi lè má fún yín ní odidi owó, àmọ́ ó lè wò ó kó ní "ẹ ra táyà yẹn fún wọn." Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Nǹkan kan kù tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ò mọ̀: ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ló máa ń ti bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀ pa kí ọdún tó parí. Lẹ́tà tó bá dé ní oṣù kẹta, kódà bí wọ́n bá fẹ́ràn rẹ̀, owó ti ní ibi tó ń lọ. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni kí ẹ máa kọ̀wé. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan lọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀, torí ojú lọ̀rọ̀ wà.

Wẹ́dà Ọ̀nà Lọ́kọ́ja
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dá mi lóhùn kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ṣé páìpù omi funfun tó ń dán yẹn lẹ ní lọ́kàn? Ẹ fi sílẹ̀! Síńkì ni wọ́n fi bò ó lára kó má baà dípẹtà. Tí iná wẹ́dìn bá kàn án, èéfín funfun ló máa ń tú jáde, ẹni tó bá fà á símú á fi òtútù àti ibà sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Síńkì yẹn náà kì í jẹ́ kí ojú ìjópọ̀ dì dáadáa. Ihò wínníwínní ló máa ń wà nínú rẹ̀ tí ojú òde ò ní fi hàn. Fún ibùsùn ilé-ìwé tàbí gẹ́ètì, ó tó. Fún ohun tí ọmọ èèyàn fẹ́ jókòó sínú rẹ̀ sáré, kò tó.

Páìpù irin dúdú ni kí ẹ wá. Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ṣasí yín, ìyẹn egungun ọkọ̀ náà, ẹ ní kó kọ́kọ́ jó ègé páìpù méjì pọ̀ ní igun, bó ṣe máa rí lára ọkọ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má da omi sí i. Ẹ wá fi gíráǹdà là á sí méjì láàárín ojú ìjópọ̀. Ẹ wo inú rẹ̀. Bí irin wẹ́dìn bá ti yọ́ wọnú páìpù méjèèjì, ẹ ò ní rí ìlà kankan níbi tí wọ́n ti pàdé. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tín-ín-rín, orí lásán ló dì mọ́. Wẹ́dà tó bá bínú pé ẹ la iṣẹ́ òun, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ wá ẹlòmíì.

Páìpù tó bá nípọn jù lọ ni kí ẹ rà, ẹ má ṣahun sí i.

Ìjùmú Òkèèrè
Ẹ ṣeun bàbá wa wẹ́dà, ọ̀rọ̀ síńkì yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Mo wà nínú ẹgbẹ́ Formula Student nígbà tí mo ń kàwé ní Ìlú Ọba, ẹ jẹ́ kí n ṣàtúnṣe sí ìparí ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Tó nípọn jù lọ" máa sọ ọkọ̀ di ẹrù. Ìwé òfin ìdíje ti sọ bí páìpù ibì kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ rí. Fún ọ̀pá ìdáàbòbò tó yí ká orí awakọ̀ àti èyí tó wà níwájú rẹ̀, páìpù irin tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lò fẹ̀ ní 25.4 mm, ara rẹ̀ sì nípọn ní 2.4 mm. Àwọn ibòmíì gba èyí tó fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí irin náà lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì: òfin ò kọ ti ọ̀kadà. Ó kàn ní kó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin (four-stroke), kó má ju 710 cc lọ. Ọ̀kadà àtijọ́ tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ méjì nìyẹn, kò wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lo ẹ́ńjìnnì 600 cc ti Honda tàbí Yamaha, àwọn míì ń lo ẹ́ńjìnnì onípísítìnì kan ṣoṣo nítorí ó fúyẹ́. Gbogbo afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì máa mí ló gbọ́dọ̀ gba inú ihò kan tí kò fẹ̀ ju 20 mm lọ kọjá, bó bá jẹ́ epo pẹtiróòlù. Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ọ́ ní ẹ́ńjìnnì olówó gọbọi pé agbára rẹ̀ pọ̀. Ihò yẹn á gba púpọ̀ nínú agbára náà lọ́wọ́ rẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan onígbọ̀wọ́ rèé. 1,000 ni gbogbo máàkì ìdíje. Eré sísá ló ní èyí tó pọ̀ jù, pàápàá eré àsápẹ́ tó gùn tó kìlómítà 22. Ṣùgbọ́n 325 wà tí ẹ ò ní tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó gbà á: 150 fún àlàyé bí ẹ ṣe ya ọkọ̀ náà, 100 fún ìṣirò owó rẹ̀, 75 fún ètò okòwò. Àtẹ tí Yàgbà l'Ábújà ní kí ẹ ṣe fún ilé-iṣẹ́, iṣẹ́ ìdíje gan-an ni. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ lò ó níbi méjì. Ní Ìlú Ọba pàápàá, ìpele kan wà fún ẹgbẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì tó gbé wá: àwòrán, ìṣirò àti ètò okòwò nìkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Spare Parts
Mo ń ta ohun èèlò ọkọ̀ nínú ìlú Kàbà níbí. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ Àbújà àti òkèèrè, ẹ ò dárúkọ àwa tí a wà nílé. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan wá bá mi fún bẹ́ríǹgì, mo fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, mo tún fi gírísì kún un. Títí di òní, n kò rí ẹsẹ̀ wọn, n kò mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n ń ṣe ṣiṣẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ẹ wá sọ́dọ̀ wa. Oníbátìrì á fún yín ní bátìrì, oníkẹ́míkà á fún yín ní ọ̀dà, tọ́nà, ẹni tó ń gé irin lórí ẹ̀rọ léèdì, á bá yín ṣe ṣáfútì. Kò sẹ́ni tó máa fún yín ní mílíọ̀nù kan, ṣùgbọ́n ẹ ó rí nǹkan kó jọ. Ẹ kàn kọ orúkọ wa sára ọkọ̀ náà kó hàn, kí ẹ tì í wá sí ìta ọjà lọ́jọ́ tó bá parí kí àwọn ọmọ wa wò ó. Èmi máa fún yín ní bẹ́ríǹgì táyà iwájú.

Ọmọ Ìyàrà
Mọ́mì, Ọlọ́run á bù kún ọjà yín. Mo gba ti Yàgbà l'Ábújà náà lórí ọ̀rọ̀ fọ́tò olóṣèlú, mi ò ro ibẹ̀ yẹn.

Ṣasí Kàbà
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti òbí wa. Mọ́mì, a ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a ó sì mú àwòrán dání kí ẹ rí ibi tí bẹ́ríǹgì náà ń lọ. Ọ̀rọ̀ kan kù. A ti rò ó pé bí ọkọ̀ bá ti ń rìn, ká gbé e lọ sí ojú ọ̀nà Ọbajáná sí Kàbà ní àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú láti dán an wò. Kọnkéré ni, ó tẹ́jú, kò ní kòtò. Ká ya fídíò níbẹ̀ fún àwọn onígbọ̀wọ́.

Arìnnà Ọbajáná
Rárá o! Mo ń wa tírélà lójú ọ̀nà yẹn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Kò sí àárọ̀ kankan, Àìkú o, Àjíǹde o, tí tírélà sìmẹ́ǹtì kì í kọjá níbẹ̀. Ọkọ̀ tó sún mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ yẹn, láti orí ìjókòó tí mo wà, mi ò ní rí i bó bá wà nítòsí imú ọkọ̀ mi. Bíréèkì mi kì í mú tírélà tó kún dúró lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ yín ò ní nọ́ńbà, kò ní ìwé, awakọ̀ yín ò ní ohun tó máa gbà á sílẹ̀.

Ìjùmú Òkèèrè
Arìnnà sọ òótọ́, ẹ má dán an wò. Àti pé onígbọ̀wọ́ tó bá rí fídíò ọkọ̀ ìdíje lójú pópó tí àwọn aráàlú ń gbà máa sá fún yín ni, kò ní fẹ́ kí orúkọ òun wà nínú rẹ̀.

Ẹ tọrọ ibi tí wọ́n ń pa ọkọ̀ sí ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí kò sí kíláàsì. Ẹ fi táyà àlòkù ṣe ààlà, kí ẹnì kan mú ẹ̀rọ panápaná dání lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí awakọ̀ wọ hẹ́límẹ́ẹ̀tì gidi. Mítà 75 péré ni wọ́n ń sá níbi ìdíje láti fi mọ bí ọkọ̀ ṣe ń tètè gbéra, nítorí náà ẹ ò nílò ọ̀nà gígùn. Ohun tí ẹ máa dánwò ṣáájú eré ni bíréèkì: táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ gan pọ̀ nígbà tí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ tún fi aago ka bó ṣe ń jáde nínú ọkọ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì lára, ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ni òfin gbà. Ẹ ya ìyẹn ní fídíò. Ẹni tó fẹ́ náwó á rí i pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe.

Ọmọ Bùnú
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò fẹ́ gbọ́. Ọkọ̀ eré-ìje wọ́n jù fún ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ wo Shell Eco-marathon. Níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó yára jù ló ń gbégbá orókè, ẹni tó rìn jìnnà jù pẹ̀lú epo tó kéré jù ni. Ẹ́ńjìnnì kékeré, ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àwọn ọmọ UNILAG, UNIBEN àti ABU Zaria ti gbé ọkọ̀ tiwọn lọ rí. Epo ń wọ́n lójoojúmọ́ ní ilé wa. Ọkọ̀ tí kì í jẹ epo ni aráàlú máa gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó tún rọrùn láti ṣàlàyé rẹ̀ fún onígbọ̀wọ́ ju ọkọ̀ tó ń sáré lọ.

Ìjùmú Òkèèrè
Ọmọ Bùnú, o ò jẹ̀bi, ìdíje gidi ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ya ṣasí tán, ọkàn wọn sì wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́ lára ọkọ̀ eré-ìje pọ̀: bíréèkì, sítíárì, ìdarí, wẹ́dìn, ìṣirò owó. Bí ìyàtọ̀ bá wà, kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì kékeré sínú ọkọ̀ yìí lọ́dún àkọ́kọ́. Kó rìn, kó dúró, kó yí. Agbára lè wá lẹ́yìn.

Ọmọ Bùnú
Mi ò tíì gbà tán o. Ọdún kan kì í pẹ́ lọ, owó sì máa ń tán kí ọkọ̀ tó rìn. Ó kéré tán, kí wọ́n kọ ètò méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n fi wéra, ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ eré-ìje, ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀ tó ń ṣọ́ epo lò.

Aṣírò Mọpà
Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dára, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí owó máa wọ̀. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tú ká sí.

Kò gbọ́dọ̀ wọ àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ kankan, bó ti wù kí ọmọ náà jẹ́ olóòótọ́ tó. Ó ń kàwé jáde lọ́la, fóònù rẹ̀ ń sọnù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fura. Bákan náà, bí ẹ bá ní kó wọ àkáǹtì gbogbogbòò ilé-ẹ̀kọ́, ẹ lè dúró títí kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kí ẹ ra nọ́ọ̀tì. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹ wá ṣí àkáǹtì ní orúkọ ẹgbẹ́, kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí i: olùkọ́ kan, akápò ẹgbẹ́, àti àgbà kan láti ìta tí kò sí nínú ilé-ẹ̀kọ́. Kó má ṣe ṣeé ṣe kí ẹnì kan ṣoṣo gbà á jáde.

Ohun tí wọ́n fún yín tí kì í ṣe owó náà, ẹ kọ ọ́. Bẹ́ríǹgì Ìyá Spare Parts ní iye lórí. Ẹ ra ìwé ńlá kan tó nílà: ọjọ́, orúkọ ẹni tó fún yín, ohun tó fún yín, iye rẹ̀ lọ́jà, ibi tí ẹ lò ó sí lára ọkọ̀, ìbuwọ́lù ẹni tó gbà á. Kí rìsíìtì wà ní lílẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí onígbọ̀wọ́ kejì bá dé, ẹ ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀ kó tó béèrè. Mo ti rí ẹni tó wá fún ẹgbẹ́ kan ní díẹ̀, tó ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tán, tó fi kún un.

Yàgbà l'Ábújà
Aṣírò, ẹ ti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo fi kan kún un: àwọn ẹgbẹ́ àwọn tó jáde ní Titcombe College Ẹ̀gbẹ̀ àti St. Augustine's Kàbà, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ẹnjiníà. Àgbà òde tí ẹ sọ yẹn lè ti ibẹ̀ wá. Ẹ kọ̀wé sí Okun Development Association náà. Ẹ má béèrè owó nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n rán ẹnì kan wá wo iṣẹ́ yín.

Ṣasí Kàbà
Ẹ̀gbọ́n Aṣírò, ẹgbẹ́ wa ò tíì forúkọ sílẹ̀, ìyẹn la ó fi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí kí a tó gba bẹ́ríǹgì pàápàá. A ti yí ọ̀rọ̀ ọ̀nà Ọbajáná padà. Lórí ẹ́ńjìnnì, a ṣì ń jiyàn láàárín ara wa, àwọn mẹ́ta ti wà lẹ́yìn Ọmọ Bùnú. Bàbá wẹ́dà, ṣé a lè wá la ègé páìpù wò lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé?

Wẹ́dà Ọ̀nà Lọ́kọ́ja
Ẹ wá láago mẹ́jọ kí òrùn tó mú. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Kí ẹni tó máa di gíráǹdà mú ìgò ojú dání, mi ò ní yá ẹnikẹ́ni ní tèmi. Páìpù dúdú wà lọ́wọ́ mi, ẹ mú ìwọ̀n tí Ìjùmú Òkèèrè sọ yẹn wá lórí ìwé ká fi kálípà wọ̀n ọ́n.